Ọjọ́ Kejìdínlógún Nínú Àpótí Ẹyin

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, inú kọ̀ǹpútà ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ má wá a lọ sínú kàlẹ́ńdà. Ìlú Ìkẹ́nnẹ́ la fún un, oṣù kẹta la fún un, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin tí òjò kò sì tíì múlẹ̀. A kó gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa ínkubétọ̀ kan tí ènìyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ kàn sínú ìṣirò, a sì ní kí kọ̀ǹpútà gbé wákàtí mẹ́rìnlélógún gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹnikẹ́ni tó ra pákó tàbí kó ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà.

Àpótí náà rèé. Inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní 50, ó ga ní 50. Pílàíwúùdù ni lóde àti nínú. Fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn sínú páálí, ló wà láàárín, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Gílóòbù méjì oníwáàtì 40 ló ń mú un gbóná, irú àtijọ́ tí kò ṣeé fọwọ́ kàn bó bá ti ń tàn, nítorí gílóòbù LED tí gbogbo ilé ń lò báyìí kò lè mú ẹyin móoru. Fáànù kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà tó ti kú, tẹmosítáàtì kan tí wọ́n yí sí ìwọ̀n 37.6, àwo omi kan, àti ihò díẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹyin 60 ló wà lórí pẹpẹ. Ọmọ wà láàyè nínú 50. Ọjọ́ kejìdínlógún nìyí nínú mọ́kànlélógún.

A fi ènìyàn méjì kún un, nítorí àpótí kì í dá gbé: ìyá kan tó ni ẹyin, àti ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ni kọ̀ǹpútà. Àpótí wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé, abẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé e sí, kó má bàa gba àyè nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi fi í sí Ìkẹ́nnẹ́. Ìlú yìí ni Tai Ṣólàrín dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ sí ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ro oko nígbà náà, tí wọ́n ń sin ẹran, tí wọ́n sì ń bá wọn kọ́ ilé tí wọ́n ń kàwé nínú rẹ̀. Ìlú náà ní oko sẹ́tímẹ́ǹtì láti ara ètò tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ gbé kalẹ̀, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà Ìlíṣàn tàbí Ṣágámù kọjá mọ bí adìyẹ ṣe pọ̀ tó ní gbogbo agbègbè Rẹ́mọ. Adìyẹ ìbílẹ̀ mọ ìsàba. Adìyẹ àgírìkì kò mọ̀ ọ́n mọ́. Nítorí ẹyin púpọ̀ ni wọ́n ṣe ń yan ìran rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ìfẹ́ àtijókòó lórí ẹyin sì ti tán lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ òròmọdìyẹ lára irú wọn gbọ́dọ̀ wá nǹkan mìíràn tí yóò jókòó.

Aago méjìlá òru

Ìṣirò náà kò le. Ooru tó wọlé, yọ èyí tó jáde kúrò, fi ohun tí àpótí lè gbà mọ́ra pín in, o ti mọ bí inú yóò ṣe gbóná tó ní ìṣẹ́jú tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà kàn ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i, láìsùn. Ẹni tó fẹ́ mọ bí atẹ́gùn ṣe ń yí nínú àpótí, igun wo ló gbóná jù àti pẹpẹ wo ló tutù, lè lo OpenFOAM, tí wọ́n ń fi fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n Excel lásán tó fún èyí tí a ń ṣe yìí.

Fún àpótí tiwa, bí inú bá fi ìwọ̀n 1 gbóná ju yàrá lọ, wáàtì 1.2 ló ń sá jáde lára ògiri àti lójú ihò. Omi tó ń gbẹ nínú àwo ń mú bí wáàtì 3 lọ. Fáànù ń fi 2 sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan ínkubétọ̀ kì í kà ni pé ẹyin fúnra rẹ̀ ń mú ooru wá. Ní ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ọmọ inú ẹyin kan ń yọ tó wáàtì 0.14. Fi 50 ṣe ìlọ́po rẹ̀: wáàtì 7.

Yàrá wà ní ìwọ̀n 26 báyìí. Gílóòbù ní láti fi kìkì wáàtì 8 kún un. Níwọ̀n bí méjèèjì ti jẹ́ wáàtì 80 lápapọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni wọ́n ń tàn nínú wákàtí kan.

Aago kan òru

A mú iná lọ. Ẹni tó bá ń ṣe irú ìṣirò yìí nílẹ̀ wa tí kò fi pé NEPA mú iná lọ sí i, ìlú mìíràn ló ń ṣe é fún. (IBEDC ni orúkọ wọn báyìí, ẹnu wa kò kàn tíì gbà.) Wákàtí mẹ́rin la fún un, láti aago kan títí di márùn-ún. Yàrá wà ní 25. Gílóòbù kú, fáànù dúró.

Ibí ni a ti pín àpótí sí méjì nínú kọ̀ǹpútà. Èkíní wà bó ṣe wà. Nínú èkejì, a to ike omi onílítà kan ààbọ̀ mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ, omi kún inú wọn, a dé wọn pa. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn.

Nígbà tí aago márùn-ún fi máa lù, àpótí tí kò ní ike omi ti wálẹ̀ láti 37.6 dé 32.4. Èyí tó ní ike omi wà ní 35.2. Lítà omi mẹ́sàn-án ló dá bí ìwọ̀n 3 padà, láìsí bátìrì, láìsí ẹ̀ńjìnnì, láìsí epo.

Ṣùgbọ́n kí n má tan ẹnikẹ́ni jẹ: 32.4 náà kì í ṣe ikú. Adìyẹ tó ń sàba máa ń dìde lójoojúmọ́ lọ jẹun, ẹyin á tutù, yóò padà wá jókòó. Ọmọ inú ẹyin tó ti dàgbà tó báyìí lè fara da òtútù wákàtí díẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó pa, ó lè pa ní ọjọ́ kejìlélógún dípò mọ́kànlélógún. Ìpayà tó ń bá wa nígbà tí iná bá lọ pọ̀ ju ewu tó wà níbẹ̀ lọ. A ó rí ibi tí ewu ń sá pamọ́ sí.

Aago márùn-ún ìdájí

Iná dé. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, àpótí méjèèjì ti padà sí 37.6.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀

Màmá ṣí ilẹ̀kùn. Ìgbà ìkẹyìn tí yóò yí ẹyin padà nìyí. Láti òní lọ, ọmọ inú ẹyin ti ń wá ibi tí yóò gbé orí sí, a kì í yí i mọ́. Ó tún tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí ẹyin kọ̀ọ̀kan láti yọ òbu kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ilẹ̀kùn fi wà ní ṣíṣí. Ojú tẹmómítà já wálẹ̀ lójijì sí 29.

“Ọmọ mi, sáré wá o, ó ti tutù!”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Atẹ́gùn ló tutù, ẹyin kò tutù.”

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo atẹ́gùn inú àpótí náà kò wọ̀n tó ìdá márùn-ún kílò kan, ẹyin 60 sì ju kílò mẹ́ta lọ. Tẹmómítà tó rọ̀ sínú atẹ́gùn ń sọ ìròyìn atẹ́gùn ni. Nínú àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà, ìlà ẹyin wà lọ́tọ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yà kúrò níbi tó wà. Láti ìgbà tí mo ti rí àwòrán yẹn ni mo ti ń gba ẹni gbogbo tó ní ínkubétọ̀ níyànjú pé kó ti tẹmómítà kejì bọ inú ìgò omi kékeré, kó gbé e sáàárín ẹyin, kó sì máa ti ibẹ̀ wo bí ẹyin ṣe gbóná. Àwọn ará Íjíbítì tó ń fi ààrò alámọ̀ pa ẹyin láti ayé àtijọ́ kò ní tẹmómítà rárá. Wọ́n máa ń gbé ẹyin lé ìpéǹpéjú láti mọ bó ṣe gbóná. Ẹyin ni wọ́n ń bi léèrè, wọn kò bi atẹ́gùn. Nígbà tí Réaumur, ará Faransé, kọ ìwé tirẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí ní 1749, ó mú tẹmómítà wọ inú rẹ̀. Ìlọsíwájú ńlá ni, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni a ti ń gba ohun tí ojú dígí sọ gbọ́ ju ohun tó wà nínú èèpo lọ.

Aago méje sí mẹ́wàá

Màmá bu omi kún àwo, nítorí ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ gòkè láti bí ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí 65 tàbí 70 fún ọjọ́ mẹ́ta tó kù, kí awọ inú ẹyin má bàa gbẹ mọ́ òròmọdìyẹ lára. Nínú oṣù kẹta, atẹ́gùn Ìkẹ́nnẹ́ fúnra rẹ̀ ti lọ́rinrin tó bẹ́ẹ̀ tí àwo kan fi tó. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, àwo náà kò ní tó.

Páànù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Yàrá wà ní 28 ní aago mẹ́sàn-án, 30.5 ní aago mẹ́wàá.

Aago mọ́kànlá

Gílóòbù kú, kò sì tàn mọ́. Iná wà o. Yàrá ti kọjá ìwọ̀n 32.6, láti ibẹ̀ lọ sì ni ooru ẹyin àti ti fáànù ti tó gbọ́ bùkátà àpótí náà láìsí ìrànlọ́wọ́ gílóòbù.

Màmá kò mọ èyí. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó rí i pé inú àpótí ṣókùnkùn. Ó tún kọjá, ó tún rí bákan náà.

“Gílóòbù yìí kò ha ti jó báyìí? N óò gbé àtùpà sí i o, kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa kú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má gbé nǹkan kan sí i. Àwọn ọmọ inú ẹyin ló ń mú ilé wọn gbóná fúnra wọn.”

Kò sí bí ìyá náà ṣe máa gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ bí kò bá sí ẹni tó fi ìlà inú kọ̀ǹpútà hàn án. Èmi náà ì bá ti gbé àtùpà sí i.

Aago kan ọ̀sán sí mẹ́ta

Ìta wà ní 34. Abẹ́ páànù, 37. A kò ṣe àsọdùn. Ẹni tó bá ti dúró lábẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì lọ́sàn-án oṣù kẹta mọ̀ pé ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tẹmosítáàtì ti pa gílóòbù. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ láti ṣe nìyẹn, ó sì ti ṣe é tán láti aago mọ́kànlá. Ooru ṣì ń jáde lára ẹyin 50. Ooru náà gbọ́dọ̀ gba ara ògiri jáde, ṣùgbọ́n yàrá tó fẹ́ jáde sí gbóná tó inú àpótí fúnra rẹ̀. Kí wáàtì 6 tó lè jáde, inú gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n 5 gbóná ju yàrá lọ. Bí yàrá bá wà ní 37, ibi tí àpótí ń rìn lọ ni 42. Ọmọ inú ẹyin kò lè débẹ̀ láàyè.

Ohun kan ṣoṣo tó lè gbà á ni àsìkò. Ta ni yóò kọ́kọ́ dé, àṣálẹ́ ni tàbí ìwọ̀n 42?

Àpótí tí kò ní ike omi: 38.5 ní aago kan, 39.1 ní aago méjì, 39.7 ní aago mẹ́ta. Ní aago mẹ́rin ó kọjá 40, ó sì dúró níbẹ̀ fún bíi wákàtí kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ìwọ̀n 39 fún wákàtí mélòó kan ti tó láti da ọmọ tó ń múra àtijáde láàmú, 40 sì ti sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń kú. Àwọn ọmọ tí ẹ máa rí tó dàgbà tán nínú èèpo, tí wọn kò lè pa, tí a ń sọ pé òtútù òru ló pa wọ́n, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀sán bí irú èyí ni. Iná wà ní gbogbo àkókò yẹn. Kò sí ẹni tó ń wo àpótí nígbà tí iná bá wà.

Àpótí tó ní ike omi: 38.5 ní aago mẹ́ta, ó dé òkè rẹ̀ ní 38.8 ní nǹkan bí aago márùn-ún. Ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò jọ 40.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mú dání nìyí: ní ilẹ̀ tiwa, bí ẹyin bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú àpótí, kì í ṣe bí ooru yóò ṣe wọlé ni ìṣòro mọ́. Bí yóò ṣe jáde ni. Àwòrán ínkubétọ̀ tí à ń wò kọ, ìlú tí òtútù wà ni wọ́n ti yà á.

Aago mẹ́rin

Ọmọ àbúrò Màmá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń tún ọ̀sán náà ṣe. Àǹfààní tó wà nínú ọjọ́ tí a fi ìṣirò kọ́ nìyí: ènìyàn lè dá aago padà, ẹyin kankan kò sì ní bàjẹ́.

Ó kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn máa rò: ó fi ìlọ́po méjì fóòmù sí ògiri. Òru dára gan-an. Ọ̀sán burú sí i: àpótí tó ní ike omi, tó ti dúró ní 38.8, gòkè dé 39.3. Fóòmù tó dí òtútù lọ́nà lóru ni kò jẹ́ kí ooru jáde lọ́sàn-án. Sẹ̀ǹtímítà 5 tó.

Ó tún yọ fóòmù náà. Ó fi fáànù kejì sí ẹ̀yìn, kó máa fẹ́ atẹ́gùn jáde bí inú bá kọjá 38. Ó wúlò: àpótí kò kọjá bí 38.3. Ṣùgbọ́n fáànù náà fẹ́ iná, bí NEPA bá sì mú iná lọ ní aago méjì ọ̀sán, ó ti parí. Nígbà náà ni iná tó lọ yóò ṣe ẹyin ní ibi, kì í sì í ṣe nítorí gílóòbù.

Lẹ́yìn náà ló gbé àpótí kúrò lábẹ́ páànù. Ó gbé e wọ inú ilé, yàrá tó ní sílíìnì àti fèrèsé méjì tó dojú kọra, tí ooru rẹ̀ kì í ju 32 lọ. Kò yí nǹkan mìíràn padà.

Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní gbogbo ọ̀sán, 37.6. Gílóòbù ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wáàtì kan kò pé, tó fi hàn pé àkóso ṣì wà lọ́wọ́ tẹmosítáàtì.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án

Padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé. Oòrùn ti wọ̀, yàrá ti sọ̀kalẹ̀ sí 31, lẹ́yìn náà 29, ṣùgbọ́n omi tó gbà wá lọ́sàn-án kò tètè tú ooru sílẹ̀. Ní aago méje àpótí ṣì wà ní 38.4. Ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án kọjá kí gílóòbù tó tún tàn, lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá.

Aago mẹ́wàá alẹ́

Ọmọ náà ṣírò iná tí àpótí jẹ láti òru àná. Gílóòbù àti fáànù papọ̀, wáàtì-wákàtí bíi 150. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 á jẹ iye yẹn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Páànẹ́lì sólà kékeré kan àti bátìrì mọ́tò lè gbé e, bí a bá fi gílóòbù mọ́tò rọ́pò ti ilé.

“Jẹnẹrétọ̀ tí mo fẹ́ rà nítorí ẹ̀ wá ńkọ́?”

“Màmá, ẹ fi owó yẹn ra oúnjẹ adìyẹ.”

Àwọn nǹkan wà tí ìṣirò yìí kò lè bá a ṣe. Kò lè mọ ẹyin tí àkùkọ kò gun. Kò lè mọ èyí tó ti pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó dénú àpótí, tàbí èyí tí ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ lára. Bí ẹyin bá jẹ́ ti FUNAAB Alpha tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Abẹ́òkúta ṣe ìran rẹ̀, tàbí ti adìyẹ ìbílẹ̀ lásán, nọ́ńbà kan náà ló ń kà sí wọn.

Aago mọ́kànlá ààbọ̀

Kí ó tó pa kọ̀ǹpútà, ó dán ohun kan wò sí i. Ó fi àpótí sínú òru ọyẹ́ tó tutù jù, yàrá ní ìwọ̀n 18, ọjọ́ kìíní tí ẹyin kò tíì lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bíi wáàtì 24.5 ni àpótí náà béèrè. Gílóòbù kan ṣoṣo, oníwáàtì 40, á ṣe é, á sì ṣẹ́kù. Ìyàtọ̀ kan tó wà níbẹ̀ ni pé àpótí yóò gba ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó móoru tán nítorí ike omi, nítorí náà àárọ̀ ni kí wọ́n tan iná sí i, kí wọ́n tó kó ẹyin sínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ó ṣí àwòrán tó fẹ́ fún kápẹ́ńtà. Ó fi fóòmù sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ya àyè ike mẹ́fà sí ìsàlẹ̀. Ó pa ihò gílóòbù kejì rẹ́.